Ewé Nìkan Kọ́ Ni Oògùn

Nígbà tí a bá péjọ síbi ìkómọ, a máa ń rí ìyá tí ojú rẹ̀ kò túká, nítorí ọmọ rẹ̀ kan ní àìsàn fòníkú-fọ̀ládìde. Nítorí irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Iyeré tí a fi ń se ọbẹ̀, kànáfùrù, igi osùn àti poroporo ọkà bàbà: mẹ́rin yìí ni ó wà nínú àgbo tí Ẹni-ọ̀wọ̀ P. O. Ogunyale fi han NIPRD, ilé ìwádìí oògùn tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1987, tí ó wà ní Idu, nínú Àbújá wa níhìn-ín. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ fa èròjà àgbo náà jáde, wọ́n gbẹ ẹ́ di ìyẹ̀fun, wọ́n sì wọ̀n ọ́n sínú kápúsù, kí ti òní àti ti ọ̀la lè dọ́gba. Nígbà tí wọ́n dán an wò, ìrora àwọn aláìsàn dínkù. Ní 2006 ó jáde fún títà, orúkọ rẹ̀ ni Nicosan. Ó ṣeni láàánú pé ní 2008 ilé-iṣẹ́ òkèèrè tí ó gba iṣẹ́ náà wọ gbèsè.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé bí a ti ṣe ewé ṣe pàtàkì bí ewé náà fúnra rẹ̀. Ohun tí ń ta lẹ́nu nínú iyeré kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ́ nínú omi. Inú ọtí ni ó ti ń yọ́ dáadáa. Omi ògì kíkan náà máa ń fa èròjà mìíràn jáde ju omi lásán lọ. Iná pẹ̀lú lè ba oògùn jẹ́. Ní Ṣáínà, Tu Youyou kà nínú ìwé àtijọ́ pé kí a rẹ ewé ibà kan sínú omi, kí a fún un. Kò sọ pé kí a sè é. Láti ibẹ̀ ni ó ti rí oògùn ibà tí ó fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015.

Ẹ̀yin ìyá àgbà wa, ẹ má sọ orúkọ ewé nìkan fún ọmọ yín. Ẹ sọ bí ó ti pọ̀ tó, irú omi tí a ó lò, àti bí yóò ti pẹ́ tó lórí iná, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìrora bá dé, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé ọmọ lọ, kí ẹ sì sọ gbogbo ohun tí ó ti mu fún dókítà.

Ọlọ́run yóò dá àwọn ọmọ wa sí.