Iná Ọkọ̀ Láti Ẹnu Mítà

Àpótí kékeré tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri fún mọ́tò oníná, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ṣájà, iṣẹ́ rẹ̀ kò tó bí orúkọ rẹ̀ ṣe tóbi. Inú ọkọ̀ ni ṣájà gan-an wà. Òun ló ń gba iná AC tó ti orí òpó wọlé, tó ń sọ ọ́ di DC tí bátìrì lè fi pamọ́. Ní ti àpótí, ó ń wò ó bóyá okùn ti wọ ẹnu ọkọ̀ dáadáa, ó ń sọ iye iná tí ọkọ̀ lè fà, ó sì ń gé iná kúrò bí ewu bá yọjú. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ẹni tó bá ti ná owó ńlá sórí ọkọ̀ àti àpótí a máa rò pé iṣẹ́ ti parí, a wá ní kí oníṣẹ́ iná lọ wá wáyà tó bá pọ́ọ́kú jù lọ́jà. Inú wáyà yẹn ni ewu wà.

Ọ̀nà tí àpótí àti ọkọ̀ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ wù mí púpọ̀. Wáyà tín-ín-rín kan wà nínú okùn náà tí kì í gbé iná fún bátìrì, ọ̀rọ̀ nìkan ló ń gbé. Nígbà tí kò bá sí ọkọ̀ lẹ́nu okùn, 12V ló wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá ti okùn bọ ọkọ̀, ọkọ̀ á fà á wálẹ̀ sí 9V, àpótí á sì mọ̀ pé àlejò ti dé. Nígbà tí ọkọ̀ bá ṣe tán láti gba iná, á tún fà á sí 6V. Àfìgbà yẹn ni súwíìsì ńlá inú àpótí máa tó panu dé, ẹ ó sì gbọ́ ìró rẹ̀. Kó tó dìgbà náà, 230V kò tíì dé ẹnu okùn rárá. Lórí wáyà tín-ín-rín kan náà ni àpótí ti ń fi àmì tó ń lọ sókè sódò ní ìgbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ránṣẹ́. Bí àmì náà ṣe pẹ́ tó lókè ló ń sọ iye áḿpù: bí ó bá lo ìdá 26.7 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò rẹ̀ lókè, 16A ni ọkọ̀ lè fà mọ. Bí ó bá jẹ́ ìdá 53.3, 32A ni. Ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀.

Oníṣẹ́ iná ló ń yan nọ́ńbà yẹn lọ́jọ́ tó bá ń kan àpótí náà, yálà nípa súwíìsì kékeré inú rẹ̀ tàbí lórí fóònù. Àpótí kò mọ wáyà tí ẹ fà sẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá sọ fún un pé 32A, 32A náà ni yóò sọ fún ọkọ̀, ìbáà jẹ́ wáyà 2.5 (mm²) ló wà nínú ògiri. Nítorí náà, mítà la ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò yìí, ká tó wá sórí àpótí.

Kí ló mú iná ọkọ̀ yàtọ̀ sí iná àwọn ohun èlò ilé yòókù? Kẹ́tù máa ń fa iná púpọ̀, àmọ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Áyọ́ọ̀nù ń tàn, ó ń kú. Alábàárù tó gbé àpò gààrì láti ìsọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ọjà Bódìjà á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á sì mí; ẹ wá ní kó dúró pẹ̀lú àpò yẹn lórí fún wákàtí mẹ́fà. Ohun tí ọkọ̀ ń bèèrè lọ́wọ́ wáyà nìyẹn. Ìgbóná inú wáyà kì í sì í bá áḿpù pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà: bí áḿpù bá di ìlọ́po méjì, ìgbóná á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí NEC, ìwé òfin wáyà ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi ya iná tó bá ń lọ láìdúró fún wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀, tó sì ní kí bírékà rẹ̀ fi ìdá kan nínú mẹ́rin ju iná náà lọ. Ọkọ̀ tó bá ń fa 32A, bírékà 40A ni tirẹ̀. Ìdí yìí kan náà ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ okùn alágbèéká tó ní púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta má fà ju 10A lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 13A la kọ sára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí irin inú rẹ̀ ti dẹ̀ kò tilẹ̀ yẹ fún 10A láti alẹ́ mọ́júmọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá béèrè iye iná tí a nílò gan-an, torí ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fẹ́ ju ohun tó tó wọn lọ. Ẹni tó ń gbé Akóbọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Dùgbẹ̀, tó tún ń ya ọjà, ká ní ó ń rin 50 km lójúmọ́. Ìyẹn kò kéré. Ọkọ̀ oníná tí kò tóbi jù á jẹ nǹkan bí 8 kWh fún un, ẹ jẹ́ ká pè é ní 9 pẹ̀lú èyí tó ń ṣòfò lọ́nà. Lórí 16A, tó jẹ́ 3.7 kW, wákàtí méjì ààbọ̀ ti tó. Nissan Leaf ti ọdún 2011 tilẹ̀ wà, ṣájà inú rẹ̀ kò ju 3.3 kW lọ. Bí ẹ bá fún un ní 32A, ohun tó lè gbà náà ló máa gbà. Ní tèmi o, 16A ló yẹ ọ̀pọ̀ ilé wa. Ẹni tí iná rẹ̀ kò bá ju wákàtí mélòó kan lọ lójúmọ́, tí ọkọ̀ rẹ̀ sì ń rìn jìnnà, òun ló lè ronú nípa 32A.

Ó kù ká mọ̀ bóyá ilé lè gbé e. Ẹ wo ojú mítà yín. Bí ẹ bá rí 5(60)A, 60 tó wà nínú àkámọ́ ni òpin rẹ̀. Ká mú ilé kan tí ẹ̀rọ amúlétutù méjì ń ṣiṣẹ́ nírọ̀lẹ́ (2.6 kW), tí ẹ̀rọ tó ń gbóná omi wà ní títàn (2 kW), tí wọ́n ń fa omi láti inú kànga dẹ̀ẹ̀rọ̀ (1 kW), tí ẹnì kan ń lọ aṣọ (1.2 kW), tí fíríìjì, fíríísà, tẹlifíṣàn àti bọ́ọ̀bù jọ ń jẹ 0.8 kW. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 7.6 kW, nǹkan bí 33A. Ẹ fi 32A ọkọ̀ kún un, ó di 65A, mítà ti kọjá òpin. Ẹ fi 16A kún un, ó di 49A, ara tu gbogbo ilé. Àwọn àpótí kan wà tí wọ́n máa ń fi òrùka kan sí ara wáyà tó wọlé láti fi mọ iye tí ilé ń fà, kí wọ́n lè dín ti ọkọ̀ kù fúnra wọn. Bí owó bá wà, ó dára. Bí kò bá sí, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ máa gba iná lẹ́yìn agogo mọ́kànlá alẹ́ tí áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ omi ti sinmi.

Wàyí o, wáyà. Tábìlì tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ iná wa ń tẹ̀ lé wá láti ìwé BS 7671 ti ilẹ̀ Bìrìtìkó. Ó ní wáyà 6 tó wà nínú páìpù lè gbé 41A, wáyà 4 lè gbé 32A. Àmọ́ ojú ọjọ́ 30°C ni wọ́n fi ṣe ìṣirò náà. Ẹ gun òkè àjà ilé yín lọ́sàn-án oṣù Kejì, lábẹ́ páànù, kí ẹ tó gba nọ́ńbà yẹn gbọ́. Ìwé náà fúnra rẹ̀ ní kí a fi 0.87 sọ ọ́ di púpọ̀ bí ibẹ̀ bá gbóná dé 40°C, kí a sì lo 0.71 bí ó bá dé 50°C. Wáyà 6 di 29A nìyẹn, kò lè gbé 32A mọ́. Fún 32A pẹ̀lú bírékà 40A, wáyà 10 ló kù tí ọkàn lè balẹ̀ lé, torí 57A tirẹ̀ á ṣì tó 40A lẹ́yìn ìdínkù náà. Fún 16A pẹ̀lú bírékà 20A, wáyà 4 tó, torí yóò ṣì gbé 22A àti díẹ̀. Bí ẹ bá sì lè gba inú ilẹ̀ tàbí ara ògiri tí òòrùn kì í pa, kí ẹ má gba òkè àjà rárá, ó sàn jù. Bàbà gidi tó ní àmì NIS ti àjọ SON ni kí ẹ rà. Wáyà tí wọ́n kọ 4 sí lára tí inú rẹ̀ kò tó 4 ti ba gbogbo ìṣirò yìí jẹ́ kó tó dé ilé yín.

Bí géètì bá jìnnà sí mítà, fóólìtì á máa ṣòfò lọ́nà. Lórí 30 m, wáyà 4 tó ń gbé 16A á pàdánù nǹkan bí 5.3V, èyí tí kò burú. 32A lórí wáyà 4 kan náà á pàdánù 10.6V, á sì máa gbóná lójú ọ̀nà.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi RCD ṣeré. Ẹ̀rọ yìí ń fi iná tó jáde wé iná tó padà. Bí 30 mA bá sọnù láàárín, bóyá ó gba ara èèyàn wọlẹ̀, á gé e lójú ẹsẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọkọ̀ oníná lè jo DC díẹ̀ sẹ́yìn, RCD oríṣi AC tó wọ́pọ̀ nínú ọjà kì í sì í rí DC. Ó tilẹ̀ lè fọ́ ọ lójú débi pé kò ní rí ti AC mọ́. Oríṣi A ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì rí i dájú pé àpótí ní ohun tó ń gé iná bí DC bá dé 6 mA. Bí kò bá ní, oríṣi B ló kù. Ẹ wo àwòrán ojú rẹ̀: ìgbì omi kan ṣoṣo ni ti oríṣi AC, ti A ní àwọn òkè kéékèèké lábẹ́ ìgbì yẹn.

RCD kò sì lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ láìsí wáyà ilẹ̀ tó dára. Ọ̀pọ̀ ilé wa ló ní ọ̀pá tí wọ́n gbá mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́lé, tí ẹnikẹ́ni kò tún bojú wò mọ́. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tí ilẹ̀ ti gbẹ, torí wíwọ̀n ìgbà òjò máa ń tan ni. Bí ó bá kọjá 200 ohm, kí wọ́n gbá ọ̀pá mìíràn kún un.

Ohun méjì kan tún wà tó jẹ́ tiwa. Àkọ́kọ́, bí wáyà neutral bá já lẹ́nu tiransifọ́mà, fóólìtì tó ń wọ ilé onífésì kan lè gòkè sún mọ́ 400V. Ẹ̀rọ tó ń gé iná bí fóólìtì bá ga jù tàbí bó bá lọ sílẹ̀ jù gbọ́dọ̀ wà ṣáájú àpótí. Ìkejì ni jẹnẹrétọ̀. Iná tó kéré jù tí àpótí lè ní kí ọkọ̀ fà ni 6A, ìyẹn 1.38 kW, “I better pass my neighbour” kò tó 1 kW. Jẹnẹrétọ̀ tó tóbi ju ìyẹn lọ náà lè má bá a ṣe, torí ọ̀pọ̀ wọn ni a kò so neutral wọn mọ́ ilẹ̀, àpótí púpọ̀ sì ń yẹ èyí wò, wọn á kọ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wáyà ọkọ̀ yà sọ́tọ̀ ní ẹ̀yìn mítà, kó tó dé ṣéńjíófà. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, ọkọ̀ á dúró, ilé á máa lo jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà rẹ̀ láìsí ẹrù ọkọ̀ lórí rẹ̀.

Oníṣẹ́ iná tó ní ìwé ẹ̀rí àjọ NEMSA ni kó ṣe é. Lọ́jọ́ tí iná bá kọ́kọ́ wọ ọkọ̀, ẹ ní kó tẹ bọ́tìnnì ìdánwò RCD, kó sì dúró fún wákàtí kan. Lẹ́yìn náà, kó ṣí àpótí bírékà ilé (DB), kó fi ẹ̀rọ tó ń wo ìgbóná láti òkèèrè wo orí síkúrúù bírékà ọkọ̀ àti ẹnu wáyà inú àpótí. Bí ojú kan bá gbóná ju èkejì lọ, síkúrúù ibẹ̀ kò fún: kó pa iná, kó fún un, kó sì padà wá lẹ́yìn oṣù kan, torí pé bàbà tó ń gbóná tó ń tutù lójoojúmọ́ máa ń tẹ̀ wọlé lábẹ́ síkúrúù, àyè á sì ṣí sílẹ̀ níbẹ̀.