Ta Ni Yóò Tún Ẹnu-Bodè Ààtàn Ṣe?

Ẹ okun o, ẹ̀yin ará àti ẹ̀yin òbí wa. Ìkíni yìí ni a fi ń dá àwa ará Owé, Ìjùmú, Bùnú, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀ mọ̀. A fi ń kí ẹni tí ń ṣiṣẹ́, a fi ń kí ẹni tí ó jókòó, òun náà ni a sì fi kí gbogbo ilé tí yóò ka ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń gbọ́ láti orí àga ìwàásù. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, èyí tí à ń gbá ní àárọ̀ tí a sì ń lọ dà nù.

Ní ìparí ìpàdé ńlá kan tí a ṣe ní agbègbè wa, lẹ́yìn tí a ti kọrin, tí a ti gbàdúrà, tí olúkúlùkù ti wọkọ̀ lọ sílé, àwa díẹ̀ tí a ṣẹ́kù bojú wo pápá. Ọ̀rá piọ wọ́tà bo ilẹ̀ lọ rẹpẹtẹ. A gbá a jọ. Níbo ni a gbá a sí? Inú gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni. Nígbà tí òjò ńlá dé, omi kò rí ọ̀nà lọ, ó sì ya wọ ilé opó kan tí ń gbé ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà náà. Màmá náà kò bá wa jà. Ó ń fi abọ́ gbọ́n omi jáde, ó sì ń kí wa pé, “Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa.” Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ wá lọ́kàn.

ILẸ̀ ÀTIJỌ́ ÀTI ILẸ̀ ÒDE ÒNÍ

Àwọn ìyá wa ti mọ àtúnlò kí ẹnikẹ́ni tó fún un ní orúkọ. Èèpo pákí di oúnjẹ ewúrẹ́, eérú di ọṣẹ dúdú, ìgbẹ́ adìyẹ lọ sí oko, ìgò ọtí sì di ìgò epo àti àdí. Ewé tí a fi pọ́n ẹ̀kọ, bí a bá jù ú sí ààtàn, kò pẹ́ kò jìnnà tí yóò fi di ilẹ̀dú. Àwa tí a ti lé ní àádọ́ta ọdún rántí 1984 àti 1985, nígbà tí ìjọba ológun gbé ogun ti ìwà àìbójúmu, tí tọmọdé tàgbà ń gbálẹ̀ ìlú. Púpọ̀ nínú ohun tí a gbá nígbà náà ni ilẹ̀ lè jẹ.

Ti òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá àti ike kì í jẹrà lójú ẹni tí ó sọ wọ́n nù. Bí a bá sun wọ́n, èéfín olóró ni àwọn ọmọ wa yóò fà símú. Bí a bá rì wọ́n mọ́lẹ̀, ọkọ́ yóò tún hú wọn jáde. Bí a bá gbá wọn sí gọ́tà, omi yóò dúró, ẹ̀fọn yóò sì pamọ sí i. Ṣùgbọ́n ohun kan náà yìí, bí a bá ṣà á, tí a fọ̀ ọ́, tí a lọ̀ ọ́, tí a sì yọ́ ọ, ó lè tún di korobá, àga tàbí okùn. Agolo ohun mímu náà ni àwọn alágbẹ̀dẹ ń yọ́ tí wọ́n fi ń rọ ìkòkò. Ohun tí a pè ní pàǹtí, ọjà ni, bí ó bá ti pọ̀ tó ní ojú kan.

ÌJỌBA TI ṢE TIRẸ̀, Ó KU TIWA

Ẹnìkan lè wí pé, “Ṣebí iṣẹ́ ìjọba ni?” Òótọ́ ni. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 fi kíkó ilẹ̀ sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní 11 July 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì dájọ́ pé kí a máa san owó ìjọba ìbílẹ̀ fún wọn tààrà. Nítorí náà, ó tọ́ kí a bi àwọn aṣojú wa léèrè ohun tí wọ́n ń fi owó náà ṣe.

Ìjọba àpapọ̀ pẹ̀lú ti na ọwọ́. Ilé-iṣẹ́ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ní Àbújá gbé ètò kan kalẹ̀ láti bá àwọn ìpínlẹ̀ pawọ́ pọ̀ kọ́ ilé ẹ̀rọ tí ń tún ike lò, kí àwọn ará àdúgbò sì lọ́wọ́ sí i. Ní 2019, wọ́n kéde pé mẹ́jọ ni irú ilé ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, àti pé méjì ti parí, a sì ti fà wọ́n lé àwọn ìpínlẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀kan wà ní Ìlọrin, èkejì ní Lọ́kọ́jà, olú-ìlú Kógì tiwa. Iṣẹ́ ṣì ń lọ nígbà náà lórí àwọn ti Gombe, Kano àti Nasarawa.

Lọ́kọ́jà kò ju nǹkan bí 80 kìlómítà lọ sí Kàbbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í rìn. Kò lè wá ṣa ọ̀rá ní gọ́tà wa. Ẹ tún wò ó báyìí: ike omi tí ó ṣófo fúyẹ́, ó sì ń gba àyè. Bí a bá kó o sínú ọkọ̀ láìtẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, afẹ́fẹ́ ni a sanwó ọkọ̀ fún. Àdúgbò kan ṣoṣo kò lè kó èyí tí yóò kún ọkọ̀ ńlá. Ṣùgbọ́n bí ìdílé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Owé ní Kàbbà bá pawọ́ pọ̀, tí Ẹ̀gbẹ̀, Ìsánlú àti Mọ̀pà sì da tiwọn pọ̀ mọ́ ọn, owó ọkọ̀ yóò pín, èrè yóò sì kù. Ìdí nìyí tí ìjọba tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe kì í fi owó ìrànwọ́ fún ẹnìkan, bí kò ṣe fún àwùjọ.

Kì í ṣe ìtàn àròsọ ni èyí. Ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1988 ń gba dọ́là 2 lórí tọ́ọ̀nù ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, owó náà ni wọ́n sì fi ń ran àwọn ìlú lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀ àtúnlò. Ìrànwọ́ náà lè tó 90 nínú 100 owó tí iṣẹ́ náà yóò gbà. Ẹni tí ó da ilẹ̀ nù ni ó ń ran ẹni tí ń tún un lò lọ́wọ́.

Nílé wa níhìn-ín, a rántí ètò ìdàgbàsókè àwùjọ tí Báńkì Àgbáyé bá ìjọba ṣe láti 2009, èyí tí a mọ̀ sí CSDP. Kógì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ó jàǹfààní rẹ̀. Kì í ṣe ti ike, ti omi, ilé-ìwé, ilé ìwòsàn àti irú wọn ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ìlànà rẹ̀: àwọn ará ìlú ni yóò jókòó yan ohun tí wọ́n nílò, àwọn ni yóò yan ìgbìmọ̀, àwọn ni yóò sì dá ìdá kan nínú mẹ́wàá owó náà, ìbáà ṣe owó tàbí iṣẹ́ ọwọ́. Ìlú tí kò bá lè jókòó pọ̀ kò rí nǹkan gbà.

OHUN TÍ Ó BA IṢẸ́ NÁÀ JẸ́

Ní ìlú kan tí a ti sìn rí, ìjọba gbé àgbá ìdalẹ̀nù ńlá kan wá sí ààlà àdúgbò méjì. Àwọn ará òkè wí pé ti ìsàlẹ̀ ni, àwọn ará ìsàlẹ̀ wí pé ti òkè ni. Ó kún, ó ṣàn sílẹ̀, ewúrẹ́ tú u ká, ẹnìkan sì ti iná bọ̀ ọ́. Kí ọdún tó parí, àwọn onírin àlòkù ti gé e tà. Gbogbo wa wí pé ìjọba kò dára. Àgbá náà dára, àwa ni a kò rẹ́.

Nígbà tí Nehemiah fẹ́ tún odi Jerusalẹmu mọ, ó gba ìrànwọ́ lọ́wọ́ ìjọba. Ọba Artasasta fún un ní ìwé àṣẹ láti gba igi nínú igbó ọba. Ṣùgbọ́n igi ọba kò mọ odi náà. Àwọn ènìyàn ni ó mọ ọ́n, àwọn kan nínú wọn sì mọ èyí tí ó kọjú sí ilé wọn. Ẹ ka orí kẹta ìwé náà, ẹ ó rí àwọn ọlọ́lá Tekoa tí wọn kò fẹ́ tẹrí ba fún iṣẹ́. Ẹ ó sì rí Malkiah, ìjòyè tí ń ṣe àkóso agbègbè kan, tí ó tún Ẹnu-Bodè Ààtàn ṣe. Nínú gbogbo ẹnu-bodè ìlú, èyí tí ilẹ̀ ń gbà jáde ni ìjòyè mú. Ta ni yóò mú un ní Kàbbà?

Ẹ JẸ́ KÍ A BẸ̀RẸ̀ BÁYÌÍ

Èkínní, nínú ilé. Ẹ ya ilẹ̀ sọ́nà mẹ́ta: ohun tí ń jẹrà fún oko àti ẹran ọ̀sìn, ọ̀rá àti ike tí a fọ̀, tí a sì tẹ̀ pẹlẹbẹ, agolo àti irin. Àwọn ọmọ ni kí ẹ fi ṣe olórí iṣẹ́ yìí, nítorí wọ́n yára ju wa lọ. Ní Ajégúnlẹ̀ ní Èkó, ilé-ìwé Morit International School gbà kí àwọn òbí máa kó ike wá fi san lára owó ilé-ìwé ọmọ wọn.

Èkejì, ní àdúgbò. Ẹ yan ibi ìkójọ kan àti ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Àáró àti ọ̀wẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Bí a ti ń bá ara wa roko ni kí a máa bá ara wa kó ilẹ̀. Kí ìjọ má ṣe dá ṣe é. Ẹ pe àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn, àwọn Mùsùlùmí, àwọn ìyálọ́jà, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọba àti ìjòyè wa.

Ẹ̀kẹta, ìwé owó. Kí akápò, akọ̀wé àti alága jọ máa fọwọ́ sí owó ní báńkì. Kí wọ́n wọn ohun tí a kó, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn lóṣooṣù. Níbi tí owó bá ti ṣókùnkùn ni ìrẹ́pọ̀ ti ń kú.

Ẹ̀kẹrin, nígbà náà ni kí ẹ tó kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ àti ti ìpínlẹ̀. Ẹ má kọ pé, “Ẹ wá gbà wá.” Ẹ kọ pé, “Ohun tí a ti kó jọ nìyí, àwọn ìlú tí a jọ ń ṣe é nìyí, ọkọ̀ ni ó kù.” Ìwé bẹ́ẹ̀ ṣòro láti tì sẹ́yìn.

Ẹ̀yin ará, ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ní ti pápá ìpàdé wa, a ti pinnu pé ẹnikẹ́ni kò ní wọkọ̀ kúrò mọ́ títí a ó fi ṣa ọ̀rá ìkẹyìn sínú àpò, àwa pásítọ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. A lọ sọ fún màmá opó náà, a sì tọrọ àforíjì. Ó rẹ́rìn-ín, ó wọ inú ilé, ó sì gbé àpò kan jáde tí ó kún fún ike tí ó ti ń ṣà láti ìgbà náà. Ó béèrè pé, “Pásítọ̀, níbo ni kí n gbé e lọ?” Ẹ jẹ́ kí a rí èsì fún un.