Ọjọ́ Ìṣirò àti Àwọn Ará Yaba

Ẹni tí ó bá dúró ní ẹnu ọjà Tẹ́júoṣó ní Yaba ní òwúrọ̀ yóò rí ìṣirò lójú ayé. Ìyá oníṣòwò kan ta ọjà ₦650, oníbàárà sì na ₦1,000 sí i. Ìyá náà kò wá bébà, kò wá kálámù. Ó ka ₦50 lé owó ọjà náà, ó di ₦700. Ó tún ka ₦300 lé e, ó di ₦1,000. Ọ̀ràn ti parí: oníbàárà gba ₦350 rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ohun tí ìyá yìí ṣe ni pé ó fi àròpọ̀ ṣe iṣẹ́ àyọkúrò, kò sì ṣì í rárá.

Ní Yaba yìí kan náà ni ọ́fíìsì àgbà WAEC ní Nàìjíríà wà, èyíinì ni àjọ tí ó ń ṣe ìdánwò àṣekágbá fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ẹni tí kò bá yege dáadáa nínú ìṣirò nínú ìdánwò náà, ọ̀pọ̀ ọ̀nà ni yóò dí mọ́ ọn ní yunifásítì. Ọmọ irú ìyá oníṣòwò bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ nínú àwọn tí àyà wọn ń já bí a bá ti dárúkọ ìṣirò. Báwo ni ohun kan ṣoṣo ṣe jẹ́ ọ̀rẹ́ ìyá ní ọjà, tí ó sì jẹ́ ẹ̀rù ọmọ ní kíláàsì? Ìbéèrè yìí ni àjọ̀dún ìṣirò wà fún.

Àjọ̀dún ìṣirò kì í ṣe ìdánwò. Ó jẹ́ ọjọ́ tí a gbé ìṣirò jáde kúrò nínú kíláàsì wá sí gbangba, kí tọmọdé tàgbà lè fi ọwọ́ kàn án. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ni Ọjọ́ Ìṣirò Àgbáyé, tí ó máa ń bọ́ sí ọjọ́ 14 oṣù kẹta. Ní ọdún 1988 ni Larry Shaw, òṣìṣẹ́ kan ní ilé àfihàn sáyẹ́ǹsì tí ń jẹ́ Exploratorium ní San Francisco ní Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ láti ṣe àjọyọ̀ ọjọ́ náà. Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ bí eré láàárín òṣìṣẹ́ díẹ̀ tàn dé ilẹ̀ púpọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, UNESCO, àjọ àgbáyé tí ó ń rí sí ọ̀ràn ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti àṣà, sọ ọ́ di ọjọ́ fún gbogbo ayé, a sì ṣe ti àkọ́kọ́ ní ọdún 2020. Ọdọọdún ni wọ́n ń fún un ní àkòrí. Ti ọdún 2024 dá lórí fífi ìṣirò ṣeré.

Ìdí tí a fi mú ọjọ́ yìí kò fara sin. Àwọn ará Amẹ́ríkà a máa kọ oṣù ṣáájú ọjọ́. Nítorí náà, ọjọ́ 14 oṣù kẹta lọ́wọ́ wọn jẹ́ 3/14. Bẹ́ẹ̀ ni 3.14 sì ni ìbẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní pi. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ a máa rí nọ́ńbà náà lójú pátákó bí ohun àdììtú, ṣùgbọ́n okùn kan àti abọ́ kan tó láti tú u. Kí ọmọ ta okùn yí ẹnu abọ́ po, kí ó gé e níbi tí orí àti ìdí rẹ̀ ti pàdé. Kí ó wá fi okùn náà wọn abọ́ láti etí kan dé etí kejì, kí okùn gba àárín gbùngbùn kọjá. Yóò rí i pé okùn náà gba ìbú abọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó sì ṣẹ́kù díẹ̀. Bí ó bá wọn èyí tí ó ṣẹ́kù, yóò rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú méje ìbú abọ́ náà. Ibẹ̀ ni 22 lórí 7 tí àwọn olùkọ́ ń kọ sójú pátákó ti wá. Kí ó wọn garawa, kí ó wọn ojú ìlù, kí ó wọn táyà mọ́tò, bákan náà ni yóò rí. Ọmọ tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé okùn yìí kò tún ní í gbàgbé pi láéláé.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ okùn àti abọ́ nìkan ni a gbé wá sí Yaba, a kò tíì ṣe tó. Nítorí ìṣirò kan wà tí àwọn ará ilé ti ní tẹ́lẹ̀, tí àwọn ọmọ sì ń pàdánù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òun ni òǹkà Yorùbá.

Ẹ jẹ́ kí a gbé 45 yẹ̀ wò. Orúkọ tí Yorùbá pè é ni àrúndínláàádọ́ta. Bí a bá tú orúkọ náà sílẹ̀, iṣẹ́ mẹ́ta ni a bá nínú rẹ̀. Èkíní, ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta, èyíinì ni 60. Èkejì, bí a bá yọ ẹ̀wá kúrò nínú ọgọ́ta, ó di àádọ́ta, èyíinì ni 50. Ẹ̀kẹta, bí a bá yọ àrún kúrò nínú àádọ́ta, ó di 45. Ìsọdipúpọ̀ kan àti àyọkúrò méjì ni Yorùbá dì sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ètò sì wà nínú rẹ̀: láti ọ̀kan dé ẹ̀rin, a ń rò ó mọ́ ti ẹ̀yìn, bí ẹ̀rìnlélógójì, ṣùgbọ́n bí a bá ti dé àrún, ojú yí sí iwájú, a sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ kúrò nínú èyí tí ń bọ̀. Ọgbọ́n ìyá oníṣòwò tí ó ń fún oníbàárà ní ṣéńjì kò jìnnà sí èyí. Òun náà ń wo nọ́ńbà ńlá tí ó wà níwájú, ó sì ń bi ara rẹ̀ pé èló ni ó kù kí a tó débẹ̀.

Owó ẹyọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó bí òǹkà yìí. Ní ọdún 1887 ni Adolphus Mann, òjíṣẹ́ ìjọ CMS tí ó ti gbé ní Ìjàyè rí, kọ ìwé kan lórí òǹkà Yorùbá, tí ó sì so ó mọ́ bí àwọn ènìyàn ṣe ń ka owó ẹyọ ní màrún-màrún. Ẹyọ ogójì ni ó wà lórí okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ó di ẹgbàá, èyíinì ni 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ó sì di ọ̀kẹ́ kan, èyíinì ni 20,000. Títí di òní, ẹni tí ó bá ń sọ ìjìnlẹ̀ Yorùbá ṣì ń fi ọ̀kẹ́ ka ohun tí ó pọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó ń ná owó ẹyọ mọ́.

Nísinsin yìí, ibo ni ọmọ Yaba ti ń pàdé òǹkà yìí? Ní kíláàsì Yorùbá ni. Níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ń kà á bí orin, láti oókan dé ọgọ́rùn-ún, kí wọn má bàa gba òdo nínú ìdánwò. Lẹ́yìn náà, agogo lù, olùkọ́ ìṣirò wọlé, kò sì sí ẹni tí ó tún dárúkọ àrúndínláàádọ́ta. Olùkọ́ Yorùbá kò sọ fún ọmọ pé ìṣirò ni ó ń ṣe. Olùkọ́ ìṣirò kò sọ fún un pé ó ti mọ díẹ̀ nínú rẹ̀ láti ilé. Ọmọ náà a wá rò pé Yorùbá wà fún oríkì àti òwe, pé ìṣirò sì jẹ́ ohun tí a fi ọkọ̀ gbé dé láti òkè òkun. Àṣìṣe ńlá ni èyí, ó sì ń pa ẹ̀kọ́ méjèèjì lára.

A kò sọ pé kí a fi òǹkà Yorùbá ṣe gbogbo iṣẹ́ orí ìwé. Bí nọ́ńbà bá pọ̀ púpọ̀, kíkọ ọ́ ní 1, 2, 3 rọrùn fún ìsọdipúpọ̀ àti pípín, kò sì sí ohun tí ó burú nínú kí a jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí òǹkà lè ṣe ni láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́kàn ọmọ pé ọ̀nà tí a fi ń dé ibi nọ́ńbà kan ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tí ó ti mọ èyí ti wọ ẹnu ọ̀nà ìmọ̀ ìṣirò.

Ayò náà ń kọ́ni ní irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ọpọ́n ayò ní ihò 12, mẹ́fà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ni ó ń wà nínú wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ èjìdínláàádọ́ta. Bí ọmọ ayò 8 bá wà nínú ihò tí ó gbẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀ta, ó ti mọ̀ kí ó tó fọwọ́ kàn wọ́n pé 6 yóò wọ inú ihò ẹnìkejì, 2 yóò sì padà sọ́dọ̀ òun. Òpè ní tirẹ̀ yóò jó wọn tán kí ó tó mọ ibi tí wọ́n parí sí. Ohun tí ó ya ọ̀ta sọ́tọ̀ kúrò lára òpè kò ju kí a rí òpin iṣẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Yaba yẹ fún irú àjọ̀dún yìí ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ, nítorí ó ti pẹ́ tí ó ti ń ṣe ilé ẹ̀kọ́. Níbẹ̀ ni Yaba Higher College bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1932, kí a tó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ fi ṣe ìpìlẹ̀ yunifásítì ní Ìbàdàn ní 1948. Yunifásítì ti Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1962, wà ní Akọka lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Níbẹ̀ ni Grace Alele-Williams ti ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀. Ó jẹ́ ọmọ Queen's College, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin tí ó wà ní Yaba báyìí. Ó ti ṣe olùkọ́ ní Queen's School ní Ẹdẹ. Ní ọdún 1963 ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Chicago lórí ẹ̀kọ́ ìṣirò, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí ó gba irú oyè bẹ́ẹ̀. Ó di olórí Yunifásítì Benin ní 1985, ó sì kú ní 2022.

Alele-Williams wà lára àwọn tí wọ́n ṣe ìwé ìṣirò ìgbàlódé fún ilẹ̀ Áfíríkà, iṣẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ ní Entebbe ní orílẹ̀-èdè Uganda ní 1962. Èrò rere ni: kí ọmọ lóye ìdí tí ìṣirò fi rí bí ó ti rí, kí ó má kàn há a sórí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni a kò tíì kọ́ ní ohun tuntun náà kí a tó ní kí wọ́n fi kọ́ ọmọ, àwọn òbí sì ń wo ìwé ọmọ wọn láì mọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Ariwo pọ̀, àti ní ọdún 1977 ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí a yọ ọ́ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìṣirò tí a gbé fò lórí olùkọ́ àti òbí kì í pẹ́ nílẹ̀, ì báà dára tó ìdí tí a fi gbé e dé.

Ìdàkejì rẹ̀ ni ohun tí a rí ní Ilé-Ifẹ̀. Ní ọdún 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan, nínú èyí tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò pẹ̀lú. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tí a yí padà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọ̀nà. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ. Níbi tí èdè ilé bá ti wọ kíláàsì, òbí náà ti rí ẹnu ọ̀nà wọlé.

Ìdíje ìṣirò wà ní Nàìjíríà, ó sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. National Mathematical Centre, tí a dá sílẹ̀ ní 1988 ní Sheda nítòsí Àbújá, ń yan àwọn ọmọ tí ó mú jù lọ fún ìdíje Olympiad. Ṣùgbọ́n ìdíje a máa yan ẹnì kan, a sì máa dá ọgọ́rùn-ún padà sílé. Àjọ̀dún a máa pe gbogbo wọn, a sì pe ìyá wọn pẹ̀lú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ọmọ lè kọ 22 lórí 7 sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ìyá sì lè fi òǹkà àti ṣéńjì ọjà han ọmọ.

Ewu kan ṣoṣo ni kí àjọ̀dún di àgọ́, ọ̀rọ̀ ìkíni àti àwòrán yíyà, kí ìlù dún kí ọjọ́ sì kanrí, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe ìṣirò kankan. Láti yẹra fún èyí, ohun tí a nílò kò wọ́n: okùn, abọ́, ọpọ́n ayò, olùkọ́ Yorùbá kan àti olùkọ́ ìṣirò kan tí wọ́n jókòó ti tábìlì kan náà. Bí ọmọ kan bá lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tí ó bi ìyá rẹ̀ léèrè ìdí tí a fi ń pe 45 ní àrúndínláàádọ́ta, tí àwọn méjèèjì sì tú u papọ̀, àjọ̀dún náà ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀.