Tòkunbọ̀: Bí orúkọ ọmọ ṣe di orúkọ mọ́tò

Bí ẹ bá dúró ní Ayépé lónìí tẹ́ ẹ pariwo "Tòkunbọ̀!", ó ṣeé ṣe kí bàbá àgbàlagbà kan dá yín lóhùn, kí mẹkáníìkì tó wà nítòsí sì béèrè pé èló lẹ fẹ́ tà á. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Èèyàn ni ti bàbá, mọ́tò ni ti mẹkáníìkì.

Èèyàn ló kọ́kọ́ ni ín. "Ti òkun bọ̀" la fún pọ̀ tó di Tòkunbọ̀, ìyẹn ẹni tó ti òkè òkun wá sílé. Láyé tí àwọn ọmọ Yorùbá ń wọkọ̀ ojú omi lọ kàwé nílùú ọba, bí wọ́n bá bímọ síbẹ̀, orúkọ tó máa ń yá wọn lẹ́nu nìyẹn. Ìdílé aládé a fi adé kún un, á di Adétòkunbọ̀. Ẹ wo Giannis Antetokounmpo, gbajúmọ̀ tó ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ l'Amẹ́ríkà. Adétòkunbọ̀ lorúkọ bàbá ẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ̀wé ní Gíríìsì ló sọ ọ́ dà báyẹn.

Orúkọ iyì ni o. Báwo ló ṣe wá dé orí mọ́tò àlòkù?

Ní 1975 ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní Kàdúná, Volkswagen náà bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ l'Ékòó lọ́dún yẹn. Tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba ń yáwó ra tíà rọ́bà, títí dórí Ìjàpá tí gbogbo wa mọ̀. Ta ló fẹ́ wo àlòkù òyìnbó lójú nígbà yẹn? Àmọ́ nígbà tí ìjọba Babangida gbé SAP dé ní 1986, nǹkan yí. Náírà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá dọ́là dọ́gba ní 1985 já wálẹ̀, nígbà tó fi máa di 1987, dọ́là kan ti tó bíi náírà 4. Mọ́tò tuntun bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ni èyí táwọn òyìnbó ti lò bá ń wọlé.

Àwọn kan pè é ní Bẹ́ljíọ̀mù, nítorí pé púpọ̀ nínú ẹ̀ ń wá láti ibẹ̀. Tòkunbọ̀ ló borí, mo sì rò pé mo mọ ìdí ẹ̀: kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ pé àlòkù lòun ń gùn. Aṣọ àlòkù gba Òkìrìkà, orúkọ ìlú kan létí omi ní Rivers, èèyàn sì ń tijú láti dá a. Mọ́tò àlòkù gba orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù! Kódà èyí tó gúnlẹ̀ sí Kútọnu, tó wá gba orí ilẹ̀ kọjá ní Sẹ̀mẹ̀ kí ìjọba tó fòfin de ìyẹn ní January 2017, tòkunbọ̀ náà la pè é.

Ibi tówó wà nìyí. Lẹ́nu àwọn tó ń ta mọ́tò, tòkunbọ̀ kò sọ bí mọ́tò ṣe pẹ́ tó. Ohun tó ń sọ ni pé kò sí ọmọ Nàìjíríà tó tíì gùn ún. Mọ́tò ọdún 15 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní èbúté, tòkunbọ̀ ni. Èyí tẹ́nì kan ra ní tuntun l'Ékòó tó sì tà lẹ́yìn ọdún 3, "ìlò Nàìjíríà" ni, owó ẹ̀ á sì já. Nítorí ẹ̀ làwọn oníjìbìtì ṣe ń kun ìlò Nàìjíríà lọ́dà, tí wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ ìjókòó, tí wọ́n á sì ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.

Ẹ wo déètì tó wà lórí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹ rí i pé nọ́ńbà ṣáńsí inú ìwé bá tara mọ́tò mu. Tó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ẹ lè fi nọ́ńbà yẹn wá ìtàn ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sókè kẹ́ ẹ gbóòórùn abẹ́ ẹ̀, torí àwọn kan wà tí omíyalé ti mu lọ́hùn-ún (irú ìyẹn ti òkun bọ̀ lóòótọ́, òkun ṣì wà nínú ẹ̀). Bí ẹni tó ń tà á bá sì ní ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun l'Ékòó, ẹ má tíì sanwó.