Ọ̀dúndún àti Ẹrú Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní oògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ kan ni ó kù. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ewé kò kù. Èyí tí a já gan-an ni kì í ṣe èyí tí a ń wá. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀dúndún àti àbámodá rí.

Ilẹ̀ Áfíríkà wa níhìn-ín ni ọ̀dúndún ti ṣẹ̀. Erékùṣù Madagásíkà ni àbámodá ti wá. Ìbátan ni wọ́n: ewé àwọn méjèèjì nípọn, ó sì kún fún omi. Àwọn baba wa rí ìjọra yìí, ni wọ́n fi ń pe àbámodá ní ẹrú ọ̀dúndún.

Báwo ni a ó ṣe dá wọn mọ̀? Òdòdó ni kí a kọ́kọ́ wò. Òdòdó ọ̀dúndún kéré, ó pọ́n bí ìyeyè tàbí bí ọsàn, òkè ni ó sì ń kọjú sí. Ti àbámodá a máa sorí kọ́ bí agogo. Ewé ọ̀dúndún kì í pín; àbámodá tí ó dàgbà a máa ní ewé mẹ́ta tàbí márùn-ún lórí ọ̀pá kan. Bí a bá sì fi ewé àbámodá lélẹ̀, ọmọ wẹ́wẹ́ yóò hù ní etí rẹ̀.

Ìtútù ni a mọ̀ mọ́ ọ̀dúndún. Òun, tẹ̀tẹ̀ àti rinrin ni a máa ń gbo sínú omi ẹ̀rọ̀. Àwọn ìyá àgbà a máa yan ewé rẹ̀ lórí iná, wọn a fún omi rẹ̀ fún ẹni tí ikọ́ ń ṣe. Ní ti àbámodá, orúkọ rẹ̀ ni a fi ń rán an níṣẹ́: àbá tí ènìyàn dá, kí ó ṣẹ. Àwọn mìíràn a máa fi omi rẹ̀ pa ìwọ́ ọmọ tuntun, àṣà tí àwọn nọ́ọ̀sì kò fọwọ́ sí lónìí.

Àṣìmú kì í ṣe ohun eré. Àwọn onímọ̀ ti rí èròjà kan nínú àbámodá tí ó lè da ìlù ọkàn rú. Màlúù tí ó jẹ ẹ́ ní Ọsirélíà ti kú. Nítorí náà, kí a má ṣe fún ọmọdé ní ewé tí a kò dá mọ̀ dájú, kí a sì gbé ọmọ tí ikọ́ rẹ̀ le lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gbin àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin àgbà, ẹ pe àwọn ọmọ wá síbẹ̀ nígbà tí òdòdó bá yọ, kí ẹ sì sọ orúkọ ìkọ̀ọ̀kan fún wọn.