Ọmọ Ìyá Ha Kì í Ṣe Ọmọ Ìlú Bí?

 

Ní Jímọ̀ kan, bí a ti kírun tán, Àlàájà kan tí ń ta àdìrẹ nínú ìjọ wa kúnlẹ̀ tì mí. Ó ní, "Áfà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀ràn ọmọ mi." Ọmọ Kẹ́mta ni obìnrin yìí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọkọ rẹ̀, ẹni tí ó ṣòwò ní Abẹ́òkúta títí ó fi jáde láyé. Ìhín ni a bí ọmọ náà sí. Lọ́dọ̀ mi ni ó ti ké kéú. Ó lọ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ní ọ́fíìsì kan, kí ó lè rí owó tí ìjọba fi ń ran àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ́wọ́. Akọ̀wé bi í léèrè agboolé bàbá rẹ̀. Bí ó ti dáhùn, wọ́n ní kí ó lọ gba tirẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ̀yin ará, kí ọdún 1976 tó dé, abẹ́ ìjọba kan náà tí ó wà ní Ìbàdàn ni Abẹ́òkúta àti Ògbómọ̀ṣọ́ wà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Èrèlé ọdún náà ni ìjọba Murtala Muhammed pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta: Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Oǹdó. Ẹni tí ó sùn bí ọmọ ilé jí bí àlejò. Òun kọ́ ni ó ṣí nípò, ààlà ni.

Àwọn tí ogun lé ni wọ́n sì tẹ Abẹ́òkúta dó. Ní ọdún 1830 ni Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá wá sí abẹ́ Olúmọ. Kò pẹ́ tí àwọn Òwu fi dé, àwọn tí kì í ṣe Ẹ̀gbá tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 1839 ni àwọn Sàró, tí a ti tà sóko ẹrú rí, bẹ̀rẹ̀ sí í ti Sàró bọ̀. A gbà wọ́n. Lónìí, Olówu wà láàrin àwọn ọba ìlú yìí.

Òfin ńkọ́? Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 318, sọ ẹni tí ó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan: ẹni tí ọ̀kan nínú òbí rẹ̀ méjèèjì, tàbí ọ̀kan nínú àwọn òbí àgbà rẹ̀, jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀. Kò sọ pé bàbá nìkan. Kẹ́mta ìyá tó.

Ẹlòmíràn yóò wí pé nínú Ìsìláàmù, bàbá ni a fi ń pe ọmọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ti orúkọ nìyẹn. Kò ní kí a lé ọmọ kúrò nílùú ìyá rẹ̀. Ìyá tí ó bí bàbá-àgbà Ànábì wa (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a), ọmọ Banu Najjar ní Mèdínà ni. Nígbà tí Ànábì ṣí dé ibẹ̀ ní ọdún 622, ilé Abu Ayyub, ọ̀kan nínú ìdílé náà, ni ó wọ̀ sí.

Ní ìlú yìí kan náà ni àwọn ìyá wa, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn, ti dìde ní ọdún 1947 nítorí owó-orí obìnrin. Bí a bá ka ìyá kún ará ìlú nígbà tí a fẹ́ gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, ó yẹ kí a kà á nígbà tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbàwé.

Ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ àlejò, tí a sì bí síhìn-ín, òun ni òfin kò tíì ṣàánú. Kí àwọn aṣòfin wa gbé e yẹ̀ wò.

Mo bá Àlàájà lọ sọ́dọ̀ baálé wọn ní Kẹ́mta. Baálé kọ lẹ́tà, a sì ti fi í lé ọ́fíìsì lọ́wọ́. À ń retí èsì. Ẹ̀yin ìyá tí ọkọ yín wá láti ibòmíràn, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ yín ṣàìmọ agboolé tí a ti bí yín. Ẹ̀yin baálé, ọmọ tí ọmọbìnrin yín bí, ọmọ yín ni. Ẹ bá a jẹ́rìí.

Kí Ọlọ́hun má ṣe sọ wá di àlejò nílé ara wa. Àmín.