The Hunchback of Notre Dame: Bí Hollywood ṣe yí òpin ìwé Victor Hugo padà lọ́dún 1939, àti ohun tí wọn kò lè yí padà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ ìtàn abuké tó ń lu agogo nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú Paris. Àwọn kan kà á nínú ìwé, àwọn míràn sì mọ̀ ọ́n láti inú fíìmù àwọn ọmọdé tí Disney gbé jáde lọ́dún 1996.

Àmọ́ tí ẹ bá bi àwọn tó fẹ́ràn fíìmù àtijọ́, èyí tí ilé iṣẹ́ RKO ṣe ní Hollywood lọ́dún 1939 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa kọ́kọ́ dárúkọ. Charles Laughton, òṣèré ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe Quasimodo abuké. Maureen O'Hara, ọmọbìnrin láti Ireland tí kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ, ló ṣe Esmeralda. Òun náà ni fíìmù àkọ́kọ́ tí O'Hara ṣe ní Hollywood.

Fíìmù náà kò bá ìwé náà dọ́gba. Wọ́n gba ẹ̀wù àlùfáà lọ́rùn ọ̀daràn inú ìtàn náà, wọ́n sì yí ìparí rẹ̀ padà. Kí ló fà á? Ǹjẹ́ ìtàn tí Hugo kọ ṣì wà nínú ohun tó ṣẹ́kù?

Kí ni Victor Hugo kọ?

Ọmọ ọdún 29 ni Hugo nígbà tí ìwé náà jáde lọ́dún 1831. Notre-Dame de Paris ló pè é. Orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, kì í ṣe orúkọ abuké. Frederic Shoberl, tó túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1833, ló gbé abuké lọ sí àkọlé.

Ìdí wà tí Hugo fi fi orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì pe ìwé rẹ̀. Ilé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ lọ́dún 1163 ti ń bàjẹ́ nígbà ayé rẹ̀. Lásìkò tí àwọn ará Faransé dojú ìjọba ọba dé, wọ́n gé orí àwọn ère ọba tó wà níwájú rẹ̀. Hugo fẹ́ kí àwọn ará Paris mọ ohun tó fẹ́ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìwé náà wà lára ohun tó mú kí wọ́n gbé iṣẹ́ àtúnṣe ṣọ́ọ̀ṣì náà fún Lassus àti Viollet-le-Duc láwọn ọdún 1840.

Ọdún 1482 ni ìtàn náà ṣẹlẹ̀. Claude Frollo, àgbà àlùfáà, gba Quasimodo tọ́ nígbà tí wọ́n gbé e jù sílẹ̀ ní ọmọdé. Agogo tó ń lù ló di í létí. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni òrìṣà ni àwọn àgbà ń pe abuké, wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ní Paris inú ìwé Hugo, iṣẹ́ èṣù ni wọ́n kà á sí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n so ó mọ́lẹ̀ ní gbangba, tí wọ́n nà án lẹ́gba, tí òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́, gbogbo èrò ń fi í rẹ́rìn-ín. Esmeralda, ọmọbìnrin oníjó láàrin àwọn tí wọ́n ń pè ní Gypsy, nìkan ló gun orí pẹpẹ lọ fún un lómi mu.

Frollo náà ń wo Esmeralda, àmọ́ ojú ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ló fi ń wò ó. Ó jẹ́ kí wọ́n dájọ́ ikú fún un lórí ẹ̀sùn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Quasimodo já a gbà, ó gbé e wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí òfin kò ti gbọdọ̀ mú un.

Nínú ìwé, ìyẹn kò gbà á là. Wọ́n yẹgi fún Esmeralda. Quasimodo ti Frollo láti òkè ṣọ́ọ̀ṣì, òun fúnra rẹ̀ sì lọ dùbúlẹ̀ ti òkú ọmọbìnrin náà títí tí òun náà fi kú.

Kí ló dé tí ọ̀daràn kò fi jẹ́ àlùfáà mọ́?

Láti ọdún 1934, kò sí ilé iṣẹ́ fíìmù ńlá kan ní Hollywood tó lè ṣe ohun tó wù ú. Òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní Production Code, Joseph Breen ló sì ń mójú tó o. Ọ̀kan lára ohun tí òfin náà sọ ni pé wọn kò gbọdọ̀ fi òjíṣẹ́ Ọlọ́run ṣe ọ̀daràn tàbí aláwàdà nínú fíìmù.

Báwo wá ni wọ́n ṣe fẹ́ ṣe ìtàn tó jẹ́ pé àlùfáà ni ọ̀daràn rẹ̀? Wọ́n pín Frollo sí méjì. Àbúrò àti ẹ̀gbọ́n ni wọ́n wá jẹ́ nínú fíìmù. Ọ̀kan jẹ́ àlùfáà tó níwà rere, ìkejì, tí Cedric Hardwicke ṣe, jẹ́ adájọ́ àgbà ọba. Adájọ́ yìí ni gbogbo ìwà ibi bọ́ sí lọ́wọ́.

Ohun tí wọ́n pàdánù níbẹ̀ kò kéré. Nínú ìwé, ẹni tó ti fi ọkàn rẹ̀ fún Ọlọ́run ni Frollo. Ó ń bá ara rẹ̀ jà, ara rẹ̀ sì ṣẹ́gun rẹ̀. Ọ̀daràn inú fíìmù kò ní irú ìjàkadì bẹ́ẹ̀ púpọ̀.

Àmọ́ wọ́n rí nǹkan míràn gbà. Bí Frollo ṣe di adájọ́, ọ̀rọ̀ kúrò lórí ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan, ó di ọ̀rọ̀ ìjọba. Ẹni tó ń dájọ́ gan-an ló jẹ̀bi ẹ̀sùn tó fi kan ẹlòmíràn.

Àwọn tó sá kúrò nílé ló ṣe fíìmù nípa ibi ìsádi

William Dieterle, tó darí fíìmù náà, ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni. Ó ti dé Hollywood lọ́dún 1930, kí Hitler tó gba ìjọba. Òun ló darí The Life of Emile Zola, tó gba àmì ẹ̀yẹ Oscar fún fíìmù tó dára jù lọ lọ́dún 1937.

Bruno Frank, tó bá wọn tún ìwé Hugo tò fún fíìmù, jẹ́ òǹkọ̀wé ọmọ Júù láti Jámánì. Lọ́dún 1933 ló sá kúrò nílùú rẹ̀. Sonya Levien, tó kọ eré náà, Rọ́ṣíà ni wọ́n bí i sí, ìdílé rẹ̀ sì kó wá sí Amẹ́ríkà nígbà tó wà ní kékeré.

Tí ẹ bá mọ èyí, ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà máa yé yín dáadáa. Àwọn Gypsy, ìyẹn àwọn ènìyàn Roma, dé ẹnu ibodè Paris, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì dá wọn dúró. Wọ́n ní àjèjì ni wọ́n, wọn kò sì lè wọlé láìgba àṣẹ. Esmeralda já wọlé, ó sì di arúfin nítorí ẹsẹ̀ tó gbé kọjá ibodè.

Ìgbà tí wọ́n ń ya fíìmù náà lọ́wọ́ ni Jámánì ya wọ Poland, lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde ogun. Dieterle sọ nígbà tó yá pé ìró ogun yìí wọ Laughton lára tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń lu agogo náà láìdúró, títí tó fi rẹ̀ ẹ́.

Nínú ogun náà, àwọn Násì pa àwọn Júù tó tó mílíọ̀nù mẹ́fà. Wọ́n sì pa àwọn Roma, irú àwọn ènìyàn Esmeralda gan-an, tí iye wọn kò dín ní 200,000.

Ṣé òpin tó dùn ba ìtàn náà jẹ́?

Fíìmù 1939 kò jẹ́ kí Esmeralda kú. Gringoire akéwì kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, ó gbé e lọ sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ̀rọ tí Frollo fẹ́ bàjẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù. Ọ̀rọ̀ náà tàn ká ìlú, ó dé etí ọba Louis Kọkànlá, ọba sì dárí jì í.

Àwọn kan máa ń sọ pé Hollywood bu ṣúgà sí ìtàn Hugo. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ka ìwé náà tán mọ̀ pé ọba kì í sábà gbọ́ igbe irú ẹni bíi Esmeralda.

Àmọ́ àwọn Násì ti dáná sun ìwé kí wọ́n tó kọ eré náà. Kò yani lẹ́nu pé ìwé ni wọ́n fi gba ẹ̀mí là. Hugo náà mọ agbára ìwé, nítorí ìwé tirẹ̀ ló gba ṣọ́ọ̀ṣì Notre-Dame là. Nígbà tí iná jó òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì yìí lọ́jọ́ 15, oṣù Kẹrin ọdún 2019, ìwé náà kan náà ni àwọn ará Faransé tún sáré lọ rà. Oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni wọ́n tún ṣí i.

Ohun kan wà tí Hollywood kò lè yí padà. Àwọn àgbà ní ìwà lẹwà, ìwà Quasimodo sì dára ju ti gbogbo àwọn tó ń pè é ní ẹranko. Síbẹ̀, kò jèrè rẹ̀. Èrò ń yọ̀ nísàlẹ̀, Esmeralda ń bá Gringoire lọ, kò sì sí ẹni tó gòkè wá kí abuké kú iṣẹ́. Òun nìkan ló kù sókè ṣọ́ọ̀ṣì, ó fara ti ère òkúta kan, ó ń bi í léèrè ìdí tí wọn kò fi fi òkúta mọ òun náà.

Wọ́n ti gba ẹ̀mí Esmeralda là. Àmọ́ fún Quasimodo, òpin tó dùn kò sí nínú ìwé, kò sì sí nínú fíìmù.